Ọmọ Ọba àti Ọmọ Apẹja: Ìfẹ́ Tí Ó Bọ́ Sáàárín Ogun

Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ọbaníkòro, mo sì fẹ́ gbé e wá síwájú yín kí ẹ bá wa dá sí i. Ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ọmọkùnrin kan. Bàbá ọmọkùnrin yìí ni ó pàṣẹ tí wọ́n fi pa ìyá ọmọbìnrin náà. Ọmọkùnrin náà kò tan ọmọbìnrin yìí o, ìfẹ́ òtítọ́ ni ó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ojú ogun, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni ó lọ dúró sí. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí á bá wí?

Kí àyà yín má ṣe já. Kò sí ẹni tí ó pa ẹnikẹ́ni ní òpópónà wa. Inú ìwé ìtàn àròsọ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Orúkọ ìwé náà ni Children of Blood and Bone, ẹni tí ó sì kọ ọ́ ni Tomi Adeyemi, ọmọ tí àwọn òbí Yorùbá bí sí Amẹ́ríkà ní 1993. Oṣù kẹta ọdún 2018 ni ìwé náà jáde, kíá ni ó sì gba ipò kìíní nínú àwọn ìwé ọ̀dọ́ tí New York Times máa ń tò gẹ́gẹ́ bí ọjà wọn ti ń tà sí. Èkejì tẹ̀ lé e ní 2019, ẹ̀kẹta dé ní 2024. Ìwé kìíní yìí lé ní 500 ojú ewé. Bí ẹ bá rí i lórí tábìlì lókèèrè, ẹ ó rò pé búrẹ́dì Agége ni. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ó wọ ilé wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó rà á. Ìwé náà rìn láti Ọbaníkòro dé Pedro, ó dé Bàríga, ó wọ ọwọ́ ẹni tí a mọ̀ àti ẹni tí a kò mọ̀, kí ó tó padà sílé ní ìlàjì méjì. Mo gbé e lọ sí Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé àti adìwé pọ̀ sí bí èèrà. Ọkùnrin tí yóò bá mi rán an ní ọjọ́ mẹ́ta ni òun yóò fi ṣe é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò. Nígbà tí mo fẹ́ fa ìbínú yọ, ó nawọ́ sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀: "Ẹ má bínú, bàbá. Ọmọ yìí ni kò tíì kà á tán."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà fún ẹni tí kò tíì kà á. Ní ilẹ̀ tí ìwé náà pè ní Orïsha, àwọn kan wà tí irun orí wọn funfun láti kékeré, tí àwọn òrìṣà fún ní agbára. Omi ni ti ẹlòmíràn nínú wọn, iná ni ti ẹlòmíràn, àwọn mìíràn a sì máa pe ẹ̀mí òkú. Maji ni wọ́n ń jẹ́. Lọ́jọ́ kan agbára náà pòórá, Ọba Saran tí ààfin rẹ̀ wà ní Lagos (àní Èkó wa yìí!) sì fi àyè yẹn pa gbogbo maji tí ó ti dàgbà. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ọ̀kan nínú wọn ni Zélie, ọmọ apẹja kan ní Ìlọrin, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí wọ́n pa ìyá rẹ̀. Ìlọrin inú ìwé yìí, orí omi ni ó wà. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ forí jì í.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Ìwé awọ àtijọ́ kan jáde, tí ó jẹ́ pé maji tí ó bá fọwọ́ kàn án, agbára rẹ̀ yóò jí. Ọba dán an wò lára Binta, ọmọbìnrin tí ń ṣe ìránṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ Amari. Ìmọ́lẹ̀ jáde lára Binta, ọba sì pa á lójú ẹsẹ̀. Amari rí i. Amari tí kì í gbé ojú sókè wo bàbá rẹ̀, òun ni ó jí ìwé náà gbé, tí ó sì sá jáde láàfin. Nínú ọjà Lagos ni ó ti di mọ́ Zélie lọ́wọ́, Zélie sì gbé e sá lọ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tzain. Àrẹ̀mọ ni ọba rán tẹ̀ lé wọn, Inan, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ láti kékeré pé ìlú ṣáájú ara ẹni, iṣẹ́ ọba sì ṣáájú ìfẹ́ ọkàn. Àwọn ọmọ ogun tí ó kó lẹ́yìn ni wọ́n dáná sun Ìlọrin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí: Inan náà ti fọwọ́ kan ìwé awọ yẹn. Irun funfun kan hù ní orí rẹ̀. Ọmọ ọba tí wọ́n rán láti pa maji ti di maji, ó sì ń fi oògùn pa irun náà láró kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí i. Nígbà tí Kaea, ọ̀gágun tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ológun, rí àṣírí náà, agbára Inan ni ó pa Kaea. Kí ó tó mọ ohun tí ìfẹ́ ń jẹ́, ó ti kọ́kọ́ pa ará ilé ara rẹ̀ nítorí ẹ̀rù.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, mo ní ẹjọ́ kékeré kan láti bá òǹkọ̀wé náà rò. Àmì orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá tiwa mu rárá. Ó fi àmì méjì lé orí lẹ́tà i nínú Orïsha, ó fi nǹkan bí òrùlé lé orí òmíràn; olùkọ́ Yorùbá tí ó bá rí i yóò nawọ́ mú pàṣán. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ tí àwọn maji ń pè nínú ìwé náà, Yorùbá ni, àwọn ọmọ wa tí wọn kì í fẹ́ sọ Yorùbá nílé sì ti há a sórí. Nítorí èyí, mo dárí jì í.

Ẹ wo bí ìfẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Orí ni òrìṣà tí ó ni agbára Inan, nítorí náà inú ọkàn àti inú àlá ni agbára rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣọdẹ Zélie nínú igbó, síbẹ̀ wọ́n ń pàdé nínú àlá. Nínú àlá yìí ni ó ti rí ohun tí Zélie ń rántí: ikú ìyá rẹ̀, owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn olórí funfun títí tí wọ́n fi ń di ẹrú, ẹ̀rù tí ń bá a sùn tí ń bá a jí. Kì í ṣe ẹwà Zélie ni ó kọ́kọ́ mú Inan. Ìrora rẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ìdájọ́ mi dúró lé lórí. Ọmọkùnrin tí ó bá fẹ́ ọmọbìnrin nítorí ojú rẹ̀ lè sọ lọ́la pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Inan kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ inú ọkàn Zélie, ó ti rí i pé bàbá òun ni ó ṣe é.

Nígbà tí ó ṣe, wọ́n pàdé lójú ayé, wọ́n dé ibùdó kan nínú igbó níbi tí àwọn ọ̀dọ́ olórí funfun sá pamọ́ sí. Àwọn ará ibùdó ṣe àjọ̀dún lálẹ́, ìlù ń dún, wọ́n ń jó. Inan sọ fún Zélie pé bí òun bá gorí oyè, ilẹ̀ náà yóò yí padà, wọn yóò jọ tún un ṣe. Zélie gbà á gbọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ibẹ̀ ni òun ti pa ìwé dé, tí òun lọ mu omi, nítorí ara òun sọ fún òun pé ayọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Kò sì purọ́. Àwọn ọmọ ogun ọba ya wọ ibùdó náà ní òru yẹn. Wọ́n mú Zélie, Ọba Saran fi ìyà jẹ ẹ́, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ ọ̀rọ̀ èébú sí i lẹ́yìn, èébú tí wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀. Inan wà nínú odi kan náà. Kò lè gbà á sílẹ̀. Tzain àti Amari ni wọ́n wá gbà á. Lẹ́yìn gbogbo èyí, Inan tún bá bàbá rẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì níbi tí Zélie fẹ́ ti jí agbára gbogbo maji, láti rí i pé agbára náà kò padà wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa bàbá Zélie. Ibẹ̀ náà ni Saran ti rí agbára lára ọmọ ara rẹ̀, tí ó sì fi idà gún un.

Ní ilé wa, àwọn ọmọbìnrin pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń sunkún nítorí Inan, àwọn kan ní bí Saran kò bá gún un, àwọn ì bá wọ inú ìwé lọ gún un. Ìyá kan tí ń din àkàrà ní ẹnu ọ̀nà wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìta, ó sì da ọ̀rọ̀ sí i.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe? Bàbá rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Ọmọ ẹni kò ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fèsì pé: "Ẹ̀yin mà, Amari ńkọ́? Ṣé kì í ṣe bàbá kan náà ni ó bí wọn?"

Ìyá náà dákẹ́, ó yí àkàrà padà, ó ní, "Ta tún ni Amari?" Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé náà fún un ní Yorùbá lálaalẹ́, bí ó bá ti ń kó agbada sílé.

Ọmọ náà fi ọwọ́ ba ibi tí ó dùn. Àwọn tí ó ń gbèjà Inan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìfẹ́ obìnrin ni ó dà á láàmú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa àbúrò rẹ̀? Ààfin kan náà ni wọ́n ti tọ́ wọn. Paṣán kan náà, ẹ̀kọ́ kan náà, ẹ̀rù kan náà. Amari kò tilẹ̀ ní agbára kankan nígbà tí ó sá jáde, kò sì mọ ibi tí òun ń lọ. Ìfẹ́ tí ó ní sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ti kú tó láti gbé e kúrò lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ìfẹ́ tí Inan ní sí ọmọbìnrin tí ó wà láàyè, tí ó dúró níwájú rẹ̀, kò tó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Amari gbà pé òun yóò pàdánù nǹkan. Inan fẹ́ jẹ́ ọmọ dáadáa lójú bàbá, ó fẹ́ jẹ́ olólùfẹ́ lójú Zélie, ó fẹ́ jẹ́ ọba rere lọ́la, kò sì fẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Ẹni tí ó lé eku méjì pòfo. Tirẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Èmi kò bá Zélie wí rárá. Ẹni tí a fi ìlérí tàn kọ́ ni a ń bá wí, bí ẹni tí ó ṣe ìlérí náà tilẹ̀ gba ara rẹ̀ gbọ́ nígbà tí ó ń ṣe é.

Ìwé yìí ń jẹ́ àròsọ, ṣùgbọ́n ogun tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Tomi Adeyemi kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pé pípa tí àwọn ọlọ́pàá ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni ó mú kí òun kọ ọ́. Ìdí mìíràn tún wà. Lẹ́yìn tí ó jáde ní yunifásítì Harvard, ó lọ sí Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ibẹ̀ ni ó sì ti rí àwòrán àwọn òrìṣà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ó ní òun kò mọ irú rẹ̀ rí. Ẹ ro ó wò: ọmọ Yorùbá, Brazil ni ó ti lọ pàdé Ọya! Ta ni ó gbé Ọya dé Bahia? Ogun tiwa ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wó ní nǹkan bí ọdún 1835, tí Òwu ti tú ṣáájú rẹ̀, àwọn tí ogun kó ni wọ́n tà ní Èkó àti Àjàṣẹ́ fún àwọn ọlọ́kọ̀, tí wọ́n gbé lọ sí Bahia àti Cuba. Ẹ wo orúkọ òrìṣà inú ìwé náà: Oxosi ni ó kọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Ochumare ni ó kọ Òṣùmàrè. Orúkọ tí ó ti la òkun kọjá nìyẹn. Ní Pópó Àgùdà, ilé àwọn Àgùdà tí ó padà wálé láti Brazil kò jìnnà sí wa ní ọkọ̀.

Nípa ti ọkàn tí ó pín sí méjì, kò sí ohun tí Orïsha fẹ́ kọ́ wa tí Kírìjì kò ti kọ́ wa. Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tú ká tán títí di 1893. Ìbàdàn dó sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ dó sí Ìmẹ̀sí Ilé. Ògèdèǹgbé tí ó wá di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, ó ti gbé Ìbàdàn rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ogun kó, ibẹ̀ ni ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jà. Ní agbo ilé àwọn jagunjagun Ìbàdàn, obìnrin Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pọ̀ tí wọ́n ti di ìyàwó, tí wọ́n ti bímọ. Ọkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà ní bùdó kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní bùdó kejì. Bí ìròyìn bá dé pé ọjọ́ òní gbóná, ta ni yóò gbàdúrà fún? Àwọn tí ó kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀ ka ìbọn, wọ́n ka olórí ogun. Wọn kò bi obìnrin wọ̀nyí.

A kò sì bi Mọrèmi náà. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: ó jẹ́ kí àwọn Ugbò mú òun lẹ́rú, ọba wọn fi í ṣe aya, ó gbọ́ àṣírí wọn, ó sá padà sí Ifẹ̀, ó sì fi ọmọ rẹ̀ Olúorogbo san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsinmìrìn. Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Edì ní ìrántí rẹ̀, ère rẹ̀ gàgàrà tí wọ́n ṣí ní 2016 sì wà níbẹ̀ títí di òní. Dúró Ládípọ̀ fi ìtàn rẹ̀ ṣe eré ní 1966. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá ọkàn Mọrèmi dúró sí Ugbò ní alẹ́ kan péré, tàbí ohun tí ọba Ugbò rò ní òwúrọ̀ tí ó jí tí kò bá a lórí ibùsùn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé ọmọ Amẹ́ríkà yìí nìyẹn: ó béèrè. Ó jẹ́ kí Zélie sọ ti ẹnu rẹ̀, ó jẹ́ kí Inan náà sọ tirẹ̀, ó jẹ́ kí Amari sọ tirẹ̀, ní orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ka ìwé náà tán, ó sì wá kan ilẹ̀kùn mi ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bàbá rẹ̀ àti bàbá ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́ ń ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ ogún kan. Bàbá rẹ̀ ní kí ó fọwọ́ sí ìwé pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ààlà ilẹ̀ náà hàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà, ìlú mìíràn ni ó sì wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ṣé èmi ni Inan?"

Mo ní kí ó jókòó. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó ní kí ó kórìíra bàbá rẹ̀, àti pé Amari pàápàá sunkún bàbá tirẹ̀. Mo ní kí ó lọ sọ fún bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ní ìkọ̀kọ̀, pé òun kò rí ohun tí òun kò rí. Ó béèrè pé bí bàbá òun bá lé òun jáde ńkọ́. Mo fi yàrá kan hàn án nínú ilé wa tí a ń kó ẹrù sí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó lọ. Títí di ìgbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì fọwọ́ sí ìwé náà, kò sì tíì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ kò rí i? Ọjọ́ tí Inan ń fi falẹ̀ nìyẹn.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe kù, Inan kò kú nínú ọgbẹ́ idà yẹn. Amari ni ó pa Saran. Nínú ìwé kejì, Inan di ọba ní Lagos, ogun gidi sì bẹ́ láàárín ààfin àti àwọn maji, tí àwọn ọlọ́lá pàápàá ti ní agbára tiwọn. Amari fẹ́ jọba, àwọn maji kò fọkàn tán ọmọ Saran. Òun tí ó yan ìhà kan láìwẹ̀yìn ní ìwé kìíní, ìhà tí ó yàn wá ń wò ó ní àwòkọ̀. Kò rọrùn bí mo ṣe sọ ọ́ lókè yẹn, àwọn ọmọ ilé wa sì ti fi èyí bá mi jà. Zélie ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Inan mọ́, ṣùgbọ́n àlá kò ní ilẹ̀kùn tí ènìyàn lè tì.

Wọ́n ń fi ìwé náà ṣe sinimá báyìí. Gina Prince-Bythewood, ẹni tí ó ṣe The Woman King ní 2022, ni ó ń darí rẹ̀. Thuso Mbedu láti South Africa ni Zélie, Damson Idris tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni Inan, Chiwetel Ejiofor sì ni Ọba Saran. Oṣù kìíní ọdún 2027 ni wọ́n kéde pé yóò jáde. Ìyá alákàrà ti ní òun yóò bá wa lọ wò ó, òun yóò sì ti agbada ní ọjọ́ náà. Ijó inú igbó ni àwọn ọmọ ń retí. Èmi fẹ́ wo ojú Inan nínú odi yẹn, nígbà tí ọ̀bẹ bá kan ẹ̀yìn Zélie.